Ìdúrólórí: ohun tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó ra ERP

Wọ́n tún ti gbé ERP dé, ìyẹn sọ́fítíwíà kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ fi ń bójú tó owó, ọjà àti iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Níbi ìpàdé àwọn onílé-iṣẹ́ kan ní Òkè-Àdó, wọ́n pín ìwé àlàyé fún wa, ẹni tó sì tú u sí Yorùbá pe ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní total cost of ownership ní "àpapọ̀ iye owó níní". Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Owó níní! Ta ni yóò gbọ́ "owó níní" ní Ìbàdàn tí kò ní rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó là ń sọ? Owó níní ni kí èèyàn lówó lọ́wọ́. Ohun tí à ń gbàdúrà fún ni. Ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí, ìnáwó ni, ìnáwó tí kì í tán lọ́jọ́ tí a san owó ọjà.

Ẹlòmíràn ní ká pè é ní "iye ohun-ìní". Ìyẹn tún burú jù ú lọ, nítorí iye ohun-ìní ni iye tí ilé yín yóò mú wá bí ẹ bá tà á. Ó ti sọ owó tó ń jáde di owó tó ń wọlé. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta sọ́fítíwíà kiri, "TCO" ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì yára kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí èmi ń lò ni ìdúrólórí. N kò jókòó dá a sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń sọ ọ́ nídìí iṣu ní ọjà Bódìjà. Ẹni tó wá rajà á ná iṣu títí, ìyá mi á ní, "Oníbàárà mi, ẹ ò tíì débi iye tó dúró lé mi lórí o." Ilé-iṣẹ́ Gartner ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó yẹn di ìlúmọ̀ọ́ká láti 1987, nígbà tí wọ́n ń ṣírò ohun tí kọ̀ǹpútà ń ná àwọn ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti rà á tán. Ìyá mi ti ń ṣe ìṣirò náà kó tó di 1987.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi owó tó rọrùn ṣe é. Ó ra ọgọ́rùn-ún iṣu ní Ṣakí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦1,000. Ìyẹn ₦100,000. Ọkọ̀ gba ₦18,000, àwọn tó kó o sọ́kọ̀ àtàwọn alábàárù tó sọ̀ ọ́ gba ₦5,000, owó ìsọ̀ àti ti ọlọ́dẹ jẹ́ ₦3,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦126,000. Ẹni tí kò mọ ọjà á pín in sí ọgọ́rùn-ún, á ní ₦1,260 ni iṣu kan. Ìyá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á jókòó sórí àpótí, á máa fi àtàǹpàkò tẹ iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, èyí tó bá rọ̀, á yà á sọ́tọ̀. Bí mẹ́wàá bá ti jẹrà, 90 ló kù, 90 yìí ló sì máa ru owó mẹ́wàá tó bàjẹ́. ₦1,400 ni iṣu kan dúró lé e lórí. Ẹni tó fẹ́ san ₦1,300, tó rò pé òun fún un lérè ₦300, gbèsè ló fẹ́ kó o sí.

ERP náà nìyẹn. Iye tí ẹni tó ń tà á kọ síwájú yín, iye Ṣakí ni. Ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Ìbàdàn ni iṣẹ́ kíkó gbogbo ohun tó wà nínú ìwé àti Excel yín wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ yìí ni wọn kì í sì í ka kún rárá. Oníbàárà kan ṣoṣo, akọ̀wé ti kọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tún un ṣe. Owó ìsọ̀ ni owó ìtọ́jú ọdọọdún. Lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńláńlá, ó máa ń tó nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ fi rà á. Ọdún márùn-ún pé, ẹ ti rà á lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá sì jẹ́ dọ́là ni wọ́n ń gbà, ẹ rántí 2023: kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, dọ́là kan kò tíì pé ₦500 ní báńkì, ní oṣù kejì 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ń san $8,000 lọ́dún, ohun tó ń fi ₦3,680,000 san nígbà tí dọ́là wà ní ₦460 di ₦12,000,000.

Iṣu tó jẹrà ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ilé-iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣe ìṣirò owó ní Olúyọ̀lé, àyè òṣìṣẹ́ 40 la sanwó fún nínú ERP wa. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún kan, 22 ló ń wọlé sí i. Àwọn yòókù ṣì ń fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn 22 yìí ló ń ru owó 18 tó bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé iṣu máa ń jẹrà.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ilé-iṣẹ́ Hershey tó ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà ná nǹkan bíi $112 mílíọ̀nù sórí ètò ERP tuntun tí wọ́n kánjú gbé wọlé ní 1999, nígbà tí ọjà Halloween, ọdún tí wọ́n ń pín súìtì fún àwọn ọmọdé níbẹ̀, kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjà tó tó $100 mílíọ̀nù ni kò dé ọwọ́ àwọn tó béèrè fún un, bẹ́ẹ̀ ọjà náà wà nínú ilé ìkẹ́rù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ìdúrólórí dún bí ẹrù àti ìyà, ó ní ká kúkú pè é ní "àròpọ̀ ìnáwó". N kò gbà. Àròpọ̀ ìnáwó ni mo ṣe lẹ́yìn ọdún Iléyá pẹ̀lú. Kò sọ orí ẹni tí owó náà wà, kò sì sọ ìgbà tí yóò sọ̀. "Lórí" yẹn gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà: títí ẹ ó fi sọ ètò náà kalẹ̀, ẹ̀yin lẹ rù ú. Ó tún ní bí mo bá máa lò ó, kí n pè é ní "ìdúrólélórí". Ó gùn jù, ẹnu kò ní gbà á.

Àwọn kan á bi mí bóyá ERP tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọgbà yín ni mò ń sọ ni, tàbí èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣakí ni iṣu ti wá ni o, Ìgbòho ni o, iye tó dúró léni lórí la fi ń tà á.

Ohun tó kù ni bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó tọ́ kí ẹ rà á. Ẹ ṣírò ìdúrólórí ohun tí ẹ ń lò lọ́wọ́ náà, fún ọdún márùn-ún kan náà. Ìwé àti Excel kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ìwé ní àpò ike 60 wà nílẹ̀, a wọ ibi ìkẹ́rù, a bá 47. Ẹ̀rọ dúró, a háyà ọkọ̀ lọ sí Èkó lọ ra ohun tí a rò pé a ní, ní iye tí ẹni tó mọ̀ pé ojú ń kán wa fẹ́. Gbogbo ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ wákàtí tí akọ̀wé máa rí gbà padà bí owó, àfi bí ẹ bá lè sọ ohun tí yóò fi wákàtí náà ṣe tó ń mówó wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn olùtajà ń kọ ti máa ń wú.

Lọ́dún yìí, ọmọkùnrin kan tún gbé ERP òmíràn wá fún wa. Ó ṣàlàyé dáadáa, ó fi iye rẹ̀ hàn. Alhaji tó ni ilé-iṣẹ́ gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti rí iye tí ò ń tà á. Èló ni yóò dúró lé mi lórí títí ọdún márùn-ún?" Ọmọkùnrin náà kò béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ní, "Alhaji, sà, ẹ jẹ́ kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀." Nígbà tó máa padà dé, ojú ìwé mẹ́rin ló mú wá.