Ikú kan, ẹjọ́ mẹ́ta

Àwọn tó bá wo fíìmù A Place in the Sun tán, níbi tí ọmọbìnrin kan ti kú sómi nígbà tí òun àti ọmọkùnrin kan jọ wà nínú ọkọ̀, sábà máa ń bi mí pé: "Lọ́yà, ṣé ọmọkùnrin yẹn pa á ni àbí kò pa á?" Èmi náà á bi wọ́n padà pé èwo nínú wọn. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nídìí ìtàn yìí, ẹjọ́ wọn ò sì dọ́gba lójú òfin.

Ẹni àkọ́kọ́ wà láyé lóòótọ́. Chester Gillette ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ síkẹ́ẹ̀tì tí í ṣe ti ìbátan rẹ̀ ní Cortland, ní ìpínlẹ̀ New York. Ibẹ̀ ló ti pàdé Grace Brown, òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, ó sì fún un lóyún. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 1906, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ kékeré kan lórí adágún Big Moose. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú Grace nínú omi. Chester ti gba inú igbó lọ. Ní kóòtù, Chester ní Grace fúnra rẹ̀ ló bẹ́ sómi.

Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀. Inú ẹ̀dá sì jìn, kò sí agbẹjọ́rò ìjọba tó lè là á wò. Ohun tí ọwọ́ ṣe ṣáájú, àti ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, la máa ń kó jọ. Orúkọ tí Chester kọ sínú ìwé òtẹ́ẹ̀lì ni Carl Grahm, kó lè bá C.G. tó wà lára àpótí rẹ̀ mu. Ó gbé àpótí yẹn wọ inú ọkọ̀, tòun ti rákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì. Ta ní ń gbé àpótí lọ ṣeré lórí omi, tó bá fẹ́ padà sí òtẹ́ẹ̀lì? Nígbà tó yá, wọ́n rí rákẹ́ẹ̀tì náà níbi tó fi pa mọ́ sí nínú igbó, àwọn dókítà sì jẹ́rìí pé ọgbẹ́ wà lórí òkú náà. Bí ẹ bá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní àwáwí tirẹ̀: ọ̀dọ́kùnrin tó mú obìnrin tí kò tíì fẹ́ rin ìrìn àjò lè parọ́ orúkọ nítorí ìtìjú. Ìgbà tí wọ́n so wọ́n pọ̀ ni wọ́n di okùn.

Wọ́n tún ka àwọn lẹ́tà tí Grace kọ sí Chester sétí ìgbọ́ gbogbo kóòtù ní Herkimer, àwọn èèyàn sì sunkún. Ní tèmi, lẹ́tà yẹn kò sọ ẹni tó lu ẹnikẹ́ni. Ìdí tí ọkùnrin náà fi lè fẹ́ kí ó kú ló fi hàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tí omijé wà lójú rẹ̀. Wọ́n fi Chester sórí àga oníná ní Auburn ní ọdún 1908.

Ẹni kejì ni Clyde Griffiths, inú ìwé ìtàn àròsọ An American Tragedy tí Theodore Dreiser kọ látara ẹjọ́ yẹn, tó sì gbé jáde ní 1925. Dreiser ò jẹ́ kí C.G. sọnù, ó sì yá púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà yẹn. Inú ọkọ̀ ló ti yí nǹkan padà. Clyde gbèrò àtipa Roberta, ọmọbìnrin tó fún lóyún, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ojú ẹ̀, ọkàn rẹ̀ kọ̀. Ọmọbìnrin náà rí bójú rẹ̀ ṣe rí, ó ń bọ̀ wá dì í lọ́wọ́ mú. Clyde ju ọwọ́ láti tì í kúrò, kámẹ́rà tó mú dání gbá a lójú. Bó ṣe dìde láti gbá a mú, ọkọ̀ dojú dé. Roberta ń ké pè é. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Odindi ọjọ́ kan la lè fi jiyàn lórí ìyẹn. Èrò ti wà, ó ti tún yẹ̀. Ọwọ́ ṣe é láìmọ̀ọ́mọ̀. Ó wá kọ̀ kò gbà á là. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tẹ̀ lé òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó kàn ń kọjá lọ kì í sábà jẹ̀bi torí pé kò bẹ́ sómi gba àjèjì là. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ sínú ewu kì í ṣe ẹni tó ń kọjá lọ. Nítorí náà, "èèṣì ni" nìkan kò lè gba Clyde. Bí mo bá ṣe lọ́yà rẹ̀, mi ò ní sọ pé kò jẹ̀bi rárá. Màá jà kí ẹ̀sùn má ju ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ lọ.

Fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe látinú ìwé náà jáde ní 1931. Inú Dreiser ò dùn sí i rárá, ó ní ó ti sọ ẹ̀bi àwùjọ di ti ọmọ náà nìkan. Ó gbé ilé iṣẹ́ Paramount lọ sí kóòtù, ó sì pàdánù.

Ti George Stevens, ìyẹn A Place in the Sun, ní 1951, ló gba àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́fà. George Eastman inú rẹ̀ ni ẹni kẹta. Kò sí kámẹ́rà, kò sí ẹni tó gbá ẹnikẹ́ni: ọmọbìnrin náà dìde dúró, ọkọ̀ yí. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti fi hàn wá, a ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú omi. Agbẹjọ́rò ìjọba fi àjẹ̀ lu ọkọ̀ ní kóòtù títí àjẹ̀ fi ṣẹ́, ariwo lásán sì ni, torí kò fi ẹ̀rí kankan múlẹ̀. (Elizabeth Taylor tún wà níbẹ̀ o, òun ló ṣe ọmọbìnrin olówó tí George fẹ́ràn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn kan fẹ́ kí wọ́n dá ọmọkùnrin náà lẹ́bi.)

Wọ́n dá George lẹ́bi. Nígbà tí ikú rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, àlùfáà bi í pé ta ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yí, ṣé ẹni tó ń rì ni àbí èkejì. Kò lè fèsì. Àlùfáà lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé agbẹjọ́rò ìjọba ló bi oníbàárà mi bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, màá ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀.