Bí Stalin ṣe ń rí ọmọlẹ́yìn tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Fídíò kékeré kan yọ lójú fóònù: àwọn sójà ń yan ní Moscow, àsíá pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́, orin ń dún gbì-gbì, ni Stalin, apàṣẹwàá tó ṣàkóso Soviet Union nígbà kan, ìyẹn ilẹ̀ Kọ́múníìsì tí Moscow jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, bá yọjú tòun ti irunmú rẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó gbà á náà ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní òun fẹ́ ìjọba apàṣẹwàá. Ṣùgbọ́n ètò tó ń yan fídíò fúnni kò mọ̀yàtọ̀ àwàdà àti òótọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n wò ó tán, á sì tún kó irú ẹ̀ mẹ́wàá wá.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wò ó ni wọn ò tíì bí nígbà tí Soviet Union tú ká ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí ni bí àwọn báǹkì ńlá ṣe dojú dé ní 2008 tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí. Bí ẹnì kan bá wá ní ètò ọrọ̀ ajé mìíràn ti wà rí, ti Soviet, wọ́n á tẹ́tí. Òótọ́ sì pọ̀ lẹ́nu onítọ̀hún: Soviet ló kọ́kọ́ gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú, ìyẹn Gagarin, ní 1961, ọwọ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun Hitler kú sí.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ọ̀rọ̀ ti ń yíwọ́. Ní 2003, Amẹ́ríkà gbógun ti Ìráàkì nítorí ohun ìjà apanirun tí wọn ò rí níbẹ̀. CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe gbàjọba ní Ìránì ní 1953 àti ní Guatemala ní 1954. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Látibẹ̀ ni òfin kan ti ń jáde tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ohun tí Amẹ́ríkà bá ti ní kò dáa, ó dáa nìyẹn. Òfin yìí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù, torí kò ní kí ẹnikẹ́ni ka ìwé.

Ká ní ẹnì kan mẹ́nu ba 1937 àti 1938, nígbà tí ìjọba Stalin pa èèyàn tó lé ní 680,000. Inú àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Soviet fúnra wọn ni iye yẹn ti wá. Èsì tó máa gbà ni, “Amẹ́ríkà ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ àwọn òkú parí síbẹ̀.

Tankie ni wọ́n ń pe àwọn tó ń gbèjà Stalin báyìí, kì í sì í ṣe àwọn olówó ló fún wọn lórúkọ náà o. Ní 1956, táǹkì ogun Soviet wọ Budapest, olú-ìlú Hungary, láti tẹ àwọn tó dìde ní Hungary rì. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dà rú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde, àwọn tó sì gbè sẹ́yìn táǹkì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nígbà kan wá fi bú bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wà lára àwọn tí táǹkì yẹn fọ́, wọ́n sì ti dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ láti máa darí iṣẹ́ wọn, ohun gan-an tí Kọ́múníìsì ní òun ń jà fún.

Ẹni tó bá béèrè nípa àwọn òṣìṣẹ́ yẹn láàárín wọn, wọ́n á ní CIA ló rán an, wọ́n á yọ ọ́. Ohùn àwọn tó kù á wá túbọ̀ ṣọ̀kan.