DPO kì í ṣe ipò: bí ọlọ́pàá ṣe tò látìsàlẹ̀ dókè

Téèyàn bá dé tẹ́ṣàn l'Ógbómọ̀ṣọ́, DPO (Divisional Police Officer, ìyẹn ọ̀gá tẹ́ṣàn) ni gbogbo ayé máa ń bẹ̀, àmọ́ DPO yẹn o, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni, kì í ṣe ipò. Ipò ẹ̀ gangan lè jẹ́ SP (Superintendent) tàbí CSP (Chief Superintendent), wọ́n lè gbé e kúrò lọ́la kí ẹlòmíì wá jókòó sáàyè ẹ̀.

Kọ́ńsítébù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò sí ìlà kankan lápá aṣọ ẹ̀. Kọ́pùrà ní méjì, sájẹ́ǹtì ní mẹ́ta, sájẹ́ǹtì méjọ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló kan ìnsípẹ́kítọ̀. Látibẹ̀ ló ti di ASP (Assistant Superintendent), DSP (Deputy Superintendent), SP, CSP, ACP (Assistant Commissioner), DCP (Deputy Commissioner), kọmíṣọ́nnà, AIG (Assistant Inspector-General), DIG (Deputy Inspector-General), kó tó wá kan IG (Inspector-General) tó jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà wọlé o: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́ńsítébù, àwọn kan wọlé bíi ìnsípẹ́kítọ̀, àwọn míì wọlé bíi ASP, torí ẹ̀ lẹ máa fi rí sájẹ́ǹtì tó ti hewú tó ń kí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní akádẹ́mì ọlọ́pàá tó wà ní Wudil ní ìpínlẹ̀ Kano ní sàlúùtù, kò sì gbọ́dọ̀ má kí i.

Ó yẹ kéèyàn mọ èyí dáadáa torí pé ẹjọ́ ń gòkè ni. Tí wọ́n bá fìyà jẹ yín ní tẹ́ṣàn, tí DPO ò dá yín lóhùn, ẹ lọ bá ọ̀gá eria kọmáńdì tó ń bójú tó tẹ́ṣàn mélòó kan, tí ìyẹn náà ò bá ṣe nǹkan kan, kọmíṣọ́nnà wà l'Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn, AIG tó wà lókè ẹ̀ wà l'Óṣogbo. Ẹ rántí pé béèlì ò lówó nínú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹlòmíì máa ń bi mí pé kí ló dé tí gómìnà ò lè pàṣẹ fún ọlọ́pàá bó ṣe wù ú. Láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí ló ń jíṣẹ́ Aláàfin. Òyìnbó dé, wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ kékeré kan sílẹ̀ l'Ékòó ní 1861, ó di Lagos Police ní 1896, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1930 ni wọ́n wá pa ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan. Gbogbo ìgbà yẹn ìjọba ìbílẹ̀ ṣì ní akóda àti ọlọ́pàá tiwọn o, àfi ìgbà tí àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n halẹ̀ mọ́ alátakò, ó burú gan-an, nígbà tí ṣọ́jà gbàjọba ní 1966 ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wọ inú ọlọ́pàá àpapọ̀. Látìgbà yẹn ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń pàṣẹ, Èkó ni wọ́n ti ń pa á tẹ́lẹ̀, Abuja ni báyìí. Òfin 1999, abala 215, fún gómìnà láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà lórí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nnà lè ní kóun kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu Ààrẹ. Kódà nígbà tí Sunday Adewusi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, jẹ́ IG láti 1981 sí 1983, Ààrẹ Shagari ló ń jábọ̀ fún, kì í ṣe Ìbàdàn. Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 ló wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, tí wọ́n bá sì mú afurasí, ọlọ́pàá náà ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́.