Òfin ìpínlẹ̀ àti ètò ìnáwó fún ọrọ̀ ajé ní ìwọ̀ oòrùn Kogí

Ìjọba ìbílẹ̀ méje ló wà ní ẹkùn ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí: Kàbbà/Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà Ìlà Oòrùn, Yàgbà Ìwọ̀ Oòrùn, Mopà-Múrò, Lọ́kọ́ja àti ìbílẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Kogí. Àwọn ọmọ Okun, ìyẹn Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ni Yorùbá ibẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti káràkátà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kajú, kòkó, àti kọfí tí a mọ̀ mọ́ Kàbbà àti Ìjùmú. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìpínlẹ̀ Kogí lára Kwara àti Benue ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Lọ́kọ́ja ni àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ ẹkùn yìí ti ń bá gómìnà àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Nínú ohun tí wọ́n ń béèrè, ọ̀nà ló ń síwájú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣu tí ọkọ̀ kò rí gbé kì í di owó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà ńlá tó gba Kàbbà, Mopà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́ kọjá sí Kwara. Ọ̀nà kọnkéré Obajana sí Kàbbà, tó gùn tó kìlómítà 43, ilé iṣẹ́ Dangote ló ṣe é, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ nínú owó orí tí ilé iṣẹ́ náà ì bá san fún ìjọba àpapọ̀. Ọ̀nà oko ni ti ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kogí wà nínú ètò RAAMP, tí Báńkì Àgbáyé àti àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé ń fi owó ṣe fún ọ̀nà ìgbèríko àti ọjà àgbẹ̀. Ètò náà ń béèrè pé kí ìpínlẹ̀ fi òfin dá àjọ ọ̀nà ìgbèríko àti àpò owó ìtọ́jú ọ̀nà sílẹ̀, kí ó sì mú ìpín owó tirẹ̀ wá. Níbí ni òfin àti owó ti so pọ̀ jù lọ.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀lé e. Ọkọ̀ tó kó gàrí tàbí kajú kúrò ní Yàgbà lè bá agbowó pàdé láti ìjọba ìbílẹ̀ kan dé èkejì, kí kálukú sì já tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún un. Òfin àpapọ̀ ọdún 1998 pín owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ka dídí ojú ọ̀nà láti gbowó léèwọ̀. Ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe ni òfin tí yóò jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já ní Ẹ̀gbẹ́ kọjá ní Kàbbà. Ẹni tó ń fi owó kékeré ra kajú lóko ni àìsí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń pa lára jù.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni Ìwé Òfin ọdún 1999 fún ní àkóso ọjà àti ibùdókọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ alága ìbílẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀bẹ̀ fún ìsọ̀, kànga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti iná, àtúnṣe Ìwé Òfin ní oṣù Kẹta ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin iná níbi tí wáyà orílẹ̀-èdè dé pàápàá. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, gbé àkóso ọjà iná wọn lé lọ́wọ́. Àǹfààní ńlá ni èyí lè jẹ́ fún àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ń ra epo dísù fún ẹ̀rọ lójoojúmọ́.

Ìwakùsà, bíi góòlù Ìsánlú àti òkúta mábù Jakura, ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀.

Gómìnà gbọ́dọ̀ gbé àbá ètò ìsúná síwájú ilé aṣòfin kí ọdún tó parí, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn ọdún tuntun ti pẹ́. Bí owó bá sì wọ inú ìwé ìsúná, kò tíì di owó iṣẹ́ títí ìjọba yóò fi tú u sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìròyìn ìnáwó tí ìpínlẹ̀ ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fi ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ oníṣòwò tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà tí wọ́n ṣèlérí ti gba kọ́bọ̀ kankan.