Ẹgbẹ́ Rótárì ní Nàìjíríà

Ẹgbẹ́ Rótárì ní Nàìjíríà ni orúkọ tí a fi ń pe gbogbo ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ìlú àti àdúgbò tí ó wà lábẹ́ Rotary International ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn oníṣòwò, agbẹjọ́rò, dókítà, olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì àti àwọn mìíràn tí ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ni ó máa ń wọ̀ ọ́, wọn a sì máa fi owó, àkókò àti ìmọ̀ iṣẹ́ wọn tún ìlú ṣe. Ọdún 1961, ìyẹn ọdún kejì òmìnira, ni ẹgbẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, Kánò sì wà lára àwọn ìlú tí ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà méjì ni wọ́n ti yàn sípò ààrẹ Rótárì gbogbo àgbáyé. Àkọ́kọ́ ni Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò àgbà láti ẹgbẹ́ Kánò, tí ó ṣe ààrẹ láti 2003 sí 2004, tí ó sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Èkejì ni Ọláyínká Hakeem Babalọlá, ọmọ ẹgbẹ́ Trans Amadi ní ìpínlẹ̀ Rivers, tí wọ́n yàn ní 2025 fún ọdún Rótárì 2026 sí 2027.

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni Rótárì ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Paul Harris àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta pàdé nínú ọ́fíìsì ọ̀kan lára wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń gbé ìpàdé náà káàkiri, bí ó bá wà ní ọ́fíìsì ẹnì kan lónìí, a bọ́ sí ti ẹlòmíràn nígbà mìíràn, yíyípo yìí ni ó sì bí orúkọ Rótárì. Ẹni tí ó bá mọ bí àárò ti rí láàárín àwọn àgbẹ̀ Yorùbá, níbi tí gbogbo ọwọ́ ti máa ń wà ní oko ẹnì kan lónìí kí ó tó kan oko ẹnì kejì, yóò tètè lóye ìlànà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárò jẹ́ ti àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan, tí Rótárì sì ń wo ìta. Johannesburg ni ẹgbẹ́ náà ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1921. Lónìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan káàkiri ayé.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ààrẹ, akọ̀wé, akápò àti àwọn ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Oyè ọdún kan péré ni oyè ààrẹ. Ọdún Rótárì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ìdí nìyí tí ìròyìn ìfàṣẹlé ààrẹ tuntun fi máa ń gba inú ìwé ìròyìn kan láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ. Níbi ayẹyẹ náà, ààrẹ tí ń lọ yóò bọ́ ẹ̀gbà oyè tí ó wà lọ́rùn ara rẹ̀, yóò sì fi kọ́ ẹni tí ń bọ̀ lọ́rùn, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni agbára ẹgbẹ́ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni àìlera rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ẹgbẹ́ di ti bàbá rẹ̀, nítorí pé ọdún kan kì í pẹ́ dópin. Àmọ́ kànga ẹ̀rọ tí ààrẹ kan gbẹ́ lè bàjẹ́ ní ọdún ẹlòmíràn, bí ẹni tuntun bá sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó fẹ́ fi sọ orúkọ, kànga náà á di ohun tí a ń wò níran. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń yan ààrẹ tí ń bọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí ó lè máa bá ẹni tó wà lórí oyè rìn kí ọdún tirẹ̀ tó dé.

Agogo ni wọ́n fi ń ṣí ìpàdé, òun náà ni wọ́n sì fi ń pa á dé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìpàdé jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2016 ni òfin àgbáyé ti gba ẹgbẹ́ láyè láti máa pàdé ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Nínú ìpàdé, wọ́n sábà máa ń ka ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor, oníṣòwò kan ní Chicago, kọ ní 1932 nígbà tí ilé iṣẹ́ tí ó ń darí fẹ́ wó lulẹ̀: ṣé òótọ́ ni, ṣé ó tọ́ sí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ṣé yóò mú ìfẹ́ àti ìbádọ́rẹ̀ẹ́ dàgbà, ṣé yóò sì ṣe gbogbo wọn láǹfààní?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin nìkan ni òfin Rótárì fàyè gbà. Ọdún 1989 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1987. Obìnrin kò sì di ààrẹ àgbáyé títí di 2022, nígbà tí Jennifer Jones láti Kánádà gorí oyè. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹgbẹ́ tiwọn: Interact wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíráámà láti ọdún 1962, Rotaract sì wà fún àwọn àgbà ọ̀dọ́ láti 1968. Ọ̀nà Rotaract yìí ni Babalọlá gbà wọ Rótárì kí ó tó di igbákejì ààrẹ àgbáyé ní 2019.

Iṣẹ́ tí a fi mọ Rótárì jùlọ ní Nàìjíríà ni ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀ (polio). Ní 1985 ni Rótárì kéde pé òun fẹ́ fi òpin sí àrùn náà ní gbogbo ayé. Ní 1988, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí CDC dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà náà, nǹkan bí ọmọ 350,000 ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 120. Owó tí àwọn ọmọ Rótárì ti dá sí i láti ìgbà náà ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ.

Ọdún tí ó le jù fún iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà ni ọdún tí Majiyagbe ti ẹgbẹ́ Kánò ń ṣe ààrẹ Rótárì gbogbo àgbáyé. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá dá àjẹsára dúró nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu pé wọ́n ti fi ohun tí ń sọ obìnrin di àgàn sínú oògùn náà. Ìpínlẹ̀ Kánò ni ó dá a dúró pẹ́ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní 2004 àfi ìgbà tí wọ́n ra oògùn láti Indonéṣíà, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Kí ó tó di ìgbà yẹn, kòkòrò àrùn náà ti ti Nàìjíríà ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì fi di 2006, àwọn ọmọ tí ó mú ní Nàìjíríà lé ní 1,000. Ó dun ni pé ìfòyà àwọn òbí, tí kò ṣẹ̀yìn ìfẹ́ ọmọ, ni ó sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di arọ.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ìrìn ojúlé sí ojúlé. Ẹni tí ń fún ni ní oògùn yóò gbé àpótí tí yìnyín wà nínú rẹ̀ kọ́ èjìká, kí ooru má baà ba oògùn jẹ́. Yóò kán oògùn náà sí ọmọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi yíǹkì kun ọmọ ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ó kéré jù, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti gbà á, yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sára ògiri ilé kí ó tó kọjá lọ. Nígbà tí àwọn ọba àríwá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ìlera ní 2009, tí àwọn ọba fúnra wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní oògùn lójú ará ìlú, ilẹ̀kùn tí wọ́n ti máa ń tì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Síbẹ̀, ní 2012, ó lé ní ìdajì gbogbo àwọn tí àrùn náà mú láyé tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí ogun kò ti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera lè dé ọ̀pọ̀ abúlé, ni wọ́n ti rí ti ìkẹyìn ní 2016. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti ìṣẹ̀dá kò sí mọ́ ní ẹkùn Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ̀yà kan tí ó ń yọjú láti ara kòkòrò inú oògùn, níbi tí ọmọ tí ó gba àjẹsára kò bá ti pọ̀ tó, ṣì ń yọ Nàìjíríà lẹ́nu, nítorí náà ìrìn ojúlé náà kò dúró.

Èso mìíràn ti ara iṣẹ́ yìí wá tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, àwọn tí wọ́n ti kọ́ níbi iṣẹ́ rọpárọsẹ̀, pẹ̀lú ètò tí wọ́n fi ń tọpa àrùn, ni ìjọba kó lọ síbẹ̀. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 ninu wọn kú, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n sì kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà.

Owó iṣẹ́ ńláńlá ń ti inú Rotary Foundation jáde. Arch Klumph ni ó dá a lábàá ní 1917, dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 50 ni owó àkọ́kọ́ tí ó sì wọ inú rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá dá 1,000 dọ́là sí i, tàbí tí wọ́n dá a ní orúkọ rẹ̀, ni wọ́n ń fi orúkọ Paul Harris dá lọ́lá, tí a sì máa ń rí báàjì rẹ̀ láyà aṣọ níbi ìpàdé. Ní 2022, àjọ yìí fi mílíọ̀nù 2 dọ́là sílẹ̀ fún ètò ọlọ́dún mẹ́ta kan ní Nàìjíríà láti dín ikú aláboyún àti ìkókó kù, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò náà dé. Ní àkókò ètò náà, wọ́n ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì, wọ́n ń lọ bá aláboyún nílé kí ó lè tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, bí ìyá tàbí ọmọ bá sì kú, wọ́n ń jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti mọ ibi tí ìdádúró ti wáyé: nílé ni, lójú ọ̀nà ni, àbí nínú ilé ìwòsàn gan-an.