Oògùn Ooru Kì í Ṣe Oògùn Ọkàn

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, ìyá mẹ́ta ló gbé páálí òfìfo wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin, páálí oògùn họ́mónù tí wọ́n ń lò fún ooru tó ń mú obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. "Mọ̀mí Famasí, ẹ fún mi ní irú eléyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ń ṣọ́ ọkàn ẹni tí nǹkan oṣù bá ti lọ." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó tà á fún un ní Ìdúmọ̀tà ni.

Ká sòótọ́, àwọn dókítà náà gbà bẹ́ẹ̀ rí, torí pé àrùn ọkàn kì í sábà mú obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù. Ìgbà tí wọ́n wá dán estrogen, họ́mónù inú oògùn yìí, pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ progestin wò lára obìnrin tó lé ní 16,000 ní Amẹ́ríkà, ṣe ni wọ́n dá a dúró ní 2002. Àrùn ọkàn ò dín, ó tún fẹ́ lé díẹ̀. Rọpárọsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì àti jẹjẹrẹ ọmú náà lé. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá ọ̀hún ti kọjá 60 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé 60, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ò tíì dúró tó ọdún 10, tí ooru ò jẹ́ kó sùn, tirẹ̀ yàtọ̀: dókítà lè kọ ọ́ fún un lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ooru yẹn ni yóò bá a lé. Ti ọkàn kọ́. Ẹni tí ilé ọmọ ṣì wà lára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dá estrogen nìkan lò, jẹjẹrẹ ilé ọmọ ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń ta àgbo fún pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde ti gbá jọ sí ikùn, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ ọ́.

Tó bá jẹ́ ọkàn lẹ fẹ́ ṣọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kẹ́ẹ bi mí. Kẹ́ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, ẹ ká ọwọ́ bùbá sókè dáadáa. Ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná owó ẹja lórí fóònù nígbà tí mo bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ mọ ara yín. Tó bá ń tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, dókítà ló kàn.

Oníbàárà mi kan, ẹni ọdún 67, ẹlẹ́ja ní Oyíngbò, pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì pátápátá nítorí họ́mónù yìí. "Ṣebí èyí ti ń ṣọ́ ọkàn, kí ni mo tún fẹ́ lo méjì fún?" Orí ló ń fọ́ ọ tó fi yà sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: 196/112. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ aládùúgbò mi kó fi mọ́tò gbé wa lọ sọ́síbítù. Lójú ọ̀nà ló di ọwọ́ mi mú, ó rọra ní:

"Mọ̀mí Famasí, ó ku páálí méjì nílé o. Ṣé ẹ lè bá mi tà á?"