Ta ló gba rẹfirí síṣẹ́? Bí ìfura ojúsàájú ṣe wọ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà

Ní gbogbo Sátidé, láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kejìlá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn èèyàn ní Tuscaloosa, ní Austin, ní Columbus, ní gbogbo ìlú tí yunifásítì bá ti ní pápá ìṣeré ńlá l'Amẹ́ríkà: wọ́n ti ra rẹfirí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa kọ́ là ń sọ o, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sá lọ ni, tí àwọn ọmọ yunifásítì ń ṣe níwájú èrò tó máa ń lé ní 100,000 láwọn pápá kan. Ẹni tí wọ́n nà ló máa ń pariwo jù, ìyẹn ò yani lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó jáwé olúborí náà á ṣì rí ẹjọ́ rò. Ó rọrùn láti sọ pé ẹkún lásán ni, ṣùgbọ́n téèyàn bá tú bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ yìí wò, á rí i pé ìfura yẹn níbi tó ti ń wá.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, kọ́ ló ń gba rẹfirí síṣẹ́. NCAA ló ń ṣòfin, àmọ́ kọ́nfáránsì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń bára wọn díje, ló ń yan ẹni tó máa fọn fèrè: SEC, Big Ten, ACC, Big 12 àtàwọn yòókù, wọ́n ní ọ̀gá rẹfirí tó ń gbà wọ́n, tó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, tó ń pín wọn sí eré. Ẹ wo àyà ẹ̀wù ìlà dúdú òun funfun tí wọ́n ń wọ̀ yẹn, àmì kọ́nfáránsì ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Kọ́nfáránsì yìí kan náà ló ń ta ẹ̀tọ́ eré fún tẹlifíṣọ̀n, tó ń pín owó ẹ̀ fún àwọn yunifásítì, tí owó sì tún ń wọlé fún tí ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ bá wọ playoff, ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ọ̀gá gbogbo wọn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́rin ní sáà 2014, tó wá di méjìlá ní 2024. Ó dà bí ìgbà tí ayálégbé méjì ń jà, tó wá jẹ́ lánlọ́ọ̀dù tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ló máa dájọ́, tí gbogbo àdúgbò sì mọ èyí tó ń mówó wálé jù nínú wọn. Lánlọ́ọ̀dù lè dá a bó ṣe tọ́ o, ó lè jẹ́ olóòótọ́ pọ́nbélé, ta ló máa gbà á gbọ́?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní SEC lọ́dún 2009. Florida ló wà nípò kìíní, ẹnì kankan ò tíì nà wọ́n, Arkansas wá bá wọn nílé lóṣù kẹwàá, wọ́n sì mú nǹkan le fún wọn gan-an, àfi bí rẹfirí ṣe ju fláàgì yẹ́lò, àmì pé ẹnì kan ṣẹ̀, sí ọmọ Arkansas kan nígbà tí eré ń lọ sópin, wọ́n ní ó hùwà jàgídíjàgan, Florida rí yáàdì 15 gbà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì borí 23 sí 20. Nígbà tí SEC jókòó wo fíìmù, àwọn fúnra wọn ní àwọn ò rí ohun tó fi yẹ kí wọ́n ju fláàgì yẹn. Ikọ̀ rẹfirí yìí kan náà ló ti fìyà jẹ Georgia ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń bá LSU gbá, torí ayọ̀ tí wọ́n yọ̀ lẹ́yìn touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí pápá, SEC sì ti ní ìyẹn náà ò tọ́. Wọ́n dá gbogbo ikọ̀ náà dúró. Lójú àwọn tó ti ń fura tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí dé nìyẹn, kọ́nfáránsì ń dáàbò bo ọmọ tó ń mówó wá. Àmọ́ ẹ tún yí i sí òdìkejì: kọ́nfáránsì yìí náà ló jáde sọ pé rẹfirí òun ṣàṣìṣe, tó sì fìyà jẹ wọ́n lójú ayé, ṣé bí ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn?

Àwọn rẹfirí yìí gan-an, ta ni wọ́n? Mẹ́jọ ni wọ́n lórí pápá ní ìpele tó ga jù, rẹfirí àgbà ń dé fìlà funfun, àwọn méje tó kù ń dé dúdú, oníkálukú ló sì ní ibi tójú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Iṣẹ́ àfikún ni fún ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́yà wà ńbẹ̀, tíṣà wà ńbẹ̀, ẹni tó ń ta ìnṣọ́ránsì wà ńbẹ̀, wọ́n á ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn títí dé Jímọ̀, wọ́n á wọ bàálù lọ síbi eré, wọ́n á ṣèpàdé lálẹ́, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n máa sáré tẹ̀lé àwọn ọmọ ogún ọdún tó ń fò bí àgbọ̀nrín. Tí eré bá parí, àwọn alábòójútó á jókòó ti fíìmù, wọ́n á wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á sì fún kálukú ní máàkì, lórí fláàgì tó jù àti èyí tó yẹ kó jù tí kò jù. Kóòṣì náà láǹfààní láti fi fídíò ibi tó dùn ún ránṣẹ́ sí kọ́nfáránsì, wọ́n á sì dá a lóhùn. Máàkì yìí ló ń sọ ẹni tó máa rí eré ńlá gbà níparí sáà, torí náà rẹfirí tó bá ń gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan, ara ẹ̀ ló ń ṣe. Ètò tó dáa ni, ká sòótọ́. Ibi tó kù sí ni pé inú yàrá ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, inú yàrá ló ń parí sí; kóòṣì gbọ́ èsì, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ò gbọ́ nǹkan kan.

Kóòṣì tó gbọ́ pàápàá, kò gbọdọ̀ la ẹnu ẹ̀ jù. Lọ́dún 2020 Ole Miss bá Auburn gbá, wọ́n ta bọ́ọ̀lù sí Auburn, ó jọ pé ó kan ọwọ́ ọmọ Auburn kan kó tó yí kọjá ìlà ìparí pápá, ọmọ Ole Miss sì bẹ́ mọ́ ọn, èyí tó yẹ kó di touchdown fún wọn, àwọn rẹfirí ò dá eré dúró láti wò ó dáadáa. Auburn ló padà borí. SEC gbà lẹ́yìn ọ̀rẹyìn pé ó yẹ kí wọ́n dúró. Lane Kiffin, kóòṣì Ole Miss nígbà náà, wá pín ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ń bẹnu àtẹ́ lu rẹfirí lórí Twitter, ni SEC bá bu owó ìtanràn 25,000 dọ́là lé e. Kiffin fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹyọ sẹ́ǹtì lòun máa kó san. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn sanwó, ẹni tó ṣàṣìṣe ò sọ̀rọ̀, ẹ wá ní káwọn èèyàn má fura.

Tí ẹgbẹ́ méjì bá wá láti kọ́nfáránsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́? Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe báyìí ni pé kọ́nfáránsì àlejò ló máa mú rẹfirí wá, kí onílé má baà ní pápá kó tún ní adájọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí tẹ́lẹ̀ níbi gbogbo o. Ní oṣù kẹsàn-án 2006, Oklahoma lọ bá Oregon gbá ní ìlú Eugene, òfin Pac-10, kọ́nfáránsì Oregon nígbà náà, sì ni pé rẹfirí Pac-10 ló máa ń darí eré tó bá wáyé nílé ọmọ Pac-10, bó ṣe di pé àwọn èèyàn kọ́nfáránsì Oregon ló wà lórí pápá, àwọn náà ló tún wà nídìí fídíò nìyẹn. Ó ku bí ìṣẹ́jú kan, Oklahoma wà níwájú 33 sí 27, Oregon ta bọ́ọ̀lù kékeré kan síwájú kí àwọn lè sáré gbà á padà. Òfin ní bọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ rin yáàdì 10 kí ẹni tó ta á tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ Oregon fọwọ́ kàn án kó tó débẹ̀, ọmọ Oklahoma ló sì gbé bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, síbẹ̀ rẹfirí ní Oregon ló ni ín, wọ́n lọ wo fídíò, ẹni tó wà nídìí fídíò ò yí i padà. Oregon jẹ touchdown, 34 sí 33. Pac-10 tọrọ àforíjì, wọ́n dá ikọ̀ náà dúró fún eré kan, ààrẹ yunifásítì Oklahoma kọ̀wé pé kí wọ́n wọ́gi lé eré náà. Wọn ò wọ́gi lé e.

Irú èyí máa ń mú kéèyàn rò pé tí rẹfirí bá ti lè wá láti ibòmíì, ó parí. Ẹ wá wo ti Oklahoma State àti Central Michigan, oṣù kẹsàn-án 2016. Àwọn tó wà lórí pápá wá látọ̀dọ̀ MAC, kọ́nfáránsì àlejò, àwọn tó wà nídìí fídíò wá látọ̀dọ̀ Big 12, kọ́nfáránsì onílé. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, Oklahoma State wà níwájú, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn jù ú nù kí àkókò lè tán, rẹfirí ju fláàgì pé ó jù ú síbi tí kò séèyàn. Kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n wá fún Central Michigan ní ànfààní kan sí i láìsí àkókò lára aago, bẹ́ẹ̀ òfin sọ ọ́ gbangba pé nínú irú pẹ́nárítì yẹn, eré ti tán. Central Michigan ju bọ́ọ̀lù jìnnà réré, ẹni tó hán an nà án sí èkejì, èkejì sáré wọlé, 30 sí 27. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò: àwọn tó wà nídìí fídíò jẹ́ ti kọ́nfáránsì Oklahoma State fúnra wọn, wọ́n lè dá a dúró, wọn ò dá a dúró, ọmọ tiwọn ló sì pàdánù. Wọ́n dá ikọ̀ méjèèjì dúró fún eré méjì-méjì. Ojúsàájú ò lè ṣàlàyé ìyẹn, ìwé òfin tí wọn ò mọ̀ dáadáa ló lè ṣàlàyé ẹ̀.

Fídíò náà kì í ṣe ojú Ọlọ́run. Big Ten ló kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 2004, nígbà tó di 2006 ó ti kárí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n lè fi fídíò yẹ̀ wò, fún àpẹẹrẹ tí wọ́n bá ní ẹnì kan di ẹlòmíì mú tàbí pé ó dí ẹni tó fẹ́ hán bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, fídíò ò ní agbára lórí ẹ̀. Èyí tí wọ́n sì lè wò, àfi kí ẹ̀rí hàn kedere tí kò ní àríyànjiyàn kí wọ́n tó yí i padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí rẹfirí kọ́kọ́ sọ ló máa dúró. Torí náà tí wọ́n bá ní ìdájọ́ dúró, kò túmọ̀ sí pé ó tọ̀nà, ó kàn túmọ̀ sí pé kámẹ́rà ò rí i tó ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Michigan: oṣù kọkànlá 2016, wọ́n ń bá Ohio State gbá, eré ti wọ àfikún àkókò kejì, ọmọ Ohio State kan sáré, ó ku díẹ̀ kó dé ibi tó gbọ́dọ̀ dé kí bọ́ọ̀lù má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn àbí ó dé ibẹ̀, ara ọ̀pọ̀ èèyàn ti bo bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀, rẹfirí ní ó dé ibẹ̀, fídíò ní ìdájọ́ dúró, Ohio State sì jẹ touchdown lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìyẹn. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò yẹn han ará Michigan, bọ́ọ̀lù ò dé ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi han ará Ohio, ó kọjá ibẹ̀ pàápàá.

Nítorí pé fídíò ò ní agbára lórí ọ̀rọ̀ dídí èèyàn lọ́wọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Austin ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 2024 ṣe ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ọmọ Texas kan já bọ́ọ̀lù Georgia gbà, ó sì gbé e sáré dé ìtòsí ìlà ìparí pápá, fláàgì jáde pé ó kọ́kọ́ dí ẹni tó fẹ́ hán an lọ́wọ́. Àwọn tó wà lórí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ike omi àti oríṣiríṣi nǹkan sí pápá. Eré dúró kí wọ́n lè ṣa ìdọ̀tí, àárín ìgbà yẹn làwọn rẹfirí sún mọ́ra wọn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n bá mú fláàgì yẹn padà. Ó ṣeé ṣe kí fláàgì náà má tọ́ lóòótọ́, SEC gan-an sọ pé wọn ò ṣe é bó ṣe yẹ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí Texas san 250,000 dọ́là torí ike tí wọ́n jù. Georgia ṣì borí 30 sí 15. Àmọ́ ẹni tó ń wò láti ilé, ohun tó rí ni pé èrò pariwo, wọ́n ju ike, ìdájọ́ yí padà. Kóòṣì Georgia, Kirby Smart, ò fi bò, ó ní wọ́n ti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń yí ìdájọ́ padà nìyẹn. Kò sí àlàyé tí kọ́nfáránsì lè ṣe lọ́jọ́ kejì tó máa pa ohun tójú rí yẹn rẹ́.

Ojú ọ̀hún náà ṣá, ó ní ẹ̀sùn tirẹ̀ lọ́rùn. Lọ́dún 1951 Dartmouth àti Princeton gbá eré kan tó le koko, imú ọmọ Princeton kan ṣẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ Dartmouth kan kán. Onímọ̀ méjì, Albert Hastorf àti Hadley Cantril, mú fíìmù eré náà, wọ́n fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjèèjì, wọ́n ní kí wọ́n máa ka ìwà àìtọ́ tí wọ́n bá rí. Lójú àwọn ọmọ Princeton, ní ìpíndọ́gba, Dartmouth ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó dín díẹ̀, ẹgbẹ́ tiwọn ṣẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin péré. Lójú àwọn ọmọ Dartmouth, ìyàtọ̀ ò sí, ẹgbẹ́ méjèèjì ṣẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin-mẹ́rin. Fíìmù kan náà o. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn.

Ohun tó tún ń ká àwọn èèyàn lára ni pé tí rẹfirí àgbà bá ti ní eré parí, èsì eré yẹn ti di ti ìwé nìyẹn. Lọ́dún 1990 àwọn rẹfirí ṣàṣìṣe nínú kíka iye ìgbà tí Colorado gbìyànjú nígbà tí wọ́n ń bá Missouri gbá, wọ́n fún wọn ní ànfààní márùn-ún dípò mẹ́rin tí òfin fún ẹgbẹ́ láti fi mú bọ́ọ̀lù lọ síwájú, karùn-ún yẹn ni wọ́n fi jẹ touchdown tó fún wọn ní 33 sí 31. Wọ́n dá àwọn rẹfirí dúró, Colorado gbé ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè pín pẹ̀lú Georgia Tech. Lọ́dún 2015 Miami fi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń nà síra wọn lẹ́ẹ̀mẹjọ na Duke ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ orúnkún ọmọ Miami kan ti kanlẹ̀ láàárín ẹ̀. ACC gbà, wọ́n dá ikọ̀ náà dúró fún eré méjì, Miami ló ṣì borí nínú ìwé. Ti Cornell lọ́dún 1940 nìkan ló yàtọ̀: wọ́n jẹ touchdown ní ànfààní karùn-ún, wọ́n wo fíìmù, àwọn fúnra wọn bá fi ìwé ránṣẹ́ sí Dartmouth pé ẹ̀yin lẹ borí.

ACC ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kan ní sáà 2025: nínú àwọn eré kan, ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n lè gbọ́ bí àwọn tó wà nídìí fídíò ṣe ń bá rẹfirí sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dájọ́, ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọn ò rí, ìdí tí ẹ̀rí ò fi tó. Ọ̀rọ̀ pẹ́nárítì tí fídíò ò lè kàn ò sí nínú ẹ̀, máàkì tí wọ́n ń fún rẹfirí lẹ́yìn eré náà ò sí ńbẹ̀.